Iṣẹ́ Ni A Fi Ń Mọ Ọkọ̀

Kí ni a fi ń mọ irú ọkọ̀? Ṣé ara rẹ̀ ni, àbí iṣẹ́ tí ó ń ṣe?

Àwọ̀ ni ìjọba fi dáhùn. Bí lẹ́tà ara nọ́ńbà ọkọ̀ bá jẹ́ búlúù, ọkọ̀ ilé ni. Bí ó bá jẹ́ pupa, ọkọ̀ èrò ni. Bí ó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, ọkọ̀ ìjọba ni. Ó dára lórí ìwé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, lójú ọ̀nà Ìlaròó sí Ayétòrò, bàbá mi gbé ìyá àgbà kan àti agbọ̀n ẹ̀gẹ́ rẹ̀ sínú ọkọ̀ wa. Kò gba kọ́bọ̀. Àwọn kan dá wa dúró, wọ́n ní kabúkabú ni à ń ṣe. Bàbá mi búra títí, wọn kò gbọ́. Owó ni a fi gba ara wa sílẹ̀.

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn: kabúkabú. Kò sí lára àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, síbẹ̀ òun ni wọ́n rí lò. Ará ìlú ló fún wa ní orúkọ yìí fún ọkọ̀ tí ó wọ aṣọ ọkọ̀ ilé, tí ó ń ṣe iṣẹ́ ọkọ̀ èrò. Wọ́n yá orúkọ náà lò, wọn kò yá ọgbọ́n inú rẹ̀: wọ́n wo agbọ̀n, wọn kò béèrè bóyá ẹnikẹ́ni sanwó.

Èdè wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà ni ó kọ́kọ́ fi yà wọ́n: ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ ilẹ̀, ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ òfurufú. Lẹ́yìn náà ni ìṣe wọn. Ìjà kọ̀ńdọ́ àti èrò ló bí bọ́lẹ̀kájà. Bí alùpùpù bá gbé bàbá mi lọ sóko, alùpùpù náà ni. Bí ó bá gbé èrò tí ó gba owó, ó di ọ̀kadà, orúkọ tí a yá lọ́wọ́ Okada Air, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1983. Bí ẹ bá gba Ìdí-Ìrókò kọjá sí Bẹ̀nẹ̀, zémìjàn ni wọ́n ń pè é, èyí tí í ṣe "gbé mi kíá" lédè Fọ̀n. Ara kan náà ni. Iṣẹ́ ló yí orúkọ padà.

Ó dùn mí pé èdè ìgboro ni ọ̀pọ̀ wa ń pe àwọn orúkọ wọ̀nyí. Bọ́lẹ̀kájà ti kúrò lójú títì. Mélòó nínú wa ló lè ṣàpèjúwe rẹ̀? Bí a bá lọ ilé nígbà ìsinmi, ẹ jẹ́ kí a mú ìwé lọ sí gáréèjì, kí a bi àwọn awakọ̀ léèrè, kí a kọ orúkọ àti iṣẹ́ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tí yóò bá sọ ọkọ̀ lórúkọ lójú ọ̀nà, kí ó kọ́kọ́ wo iṣẹ́ rẹ̀.