Lẹ́tà Gbangba sí Gómìnà Sanwó-Olú: Ta Ló Ni Pápá Ilé-Ìwé Ìjọba?

Ọlọ́lá jùlọ, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú,

Sátidé tó kọjá, wọ́n lé àwọn ọmọ tí à ń kọ́ ní béèsìbọ́ọ̀lù kúrò ní pápá ilé-ìwé ìjọba kan nítòsí Ìkọ̀tún, nítorí pé ẹnì kan ti háyà pápá náà fún ìnáwó. Àwọn ọmọ ti sáré yí pápá ká kí ara wọn lè yá, kí ọkùnrin kan tó bá ọkọ̀ kánópì àti àga wọlé, tó ní kí gbogbo wọn bọ́ síta. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi igun kan sílẹ̀ fún wa di aago mẹ́wàá. Ó ní bí mo bá fẹ́ pápá, kí èmi náà lọ mú owó wá.

Èyí tó dùn mí wọ egungun ni ti àwọn ìbọ̀wọ́ wa. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tó ń tà á lágbègbè wa. Inú òkìrìkà ní ọjà Kàtáńgúwà la ti ń ṣà wọ́n, lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí wọ́n bá tú bélì. Èyí tó bá ya, ìyá ọ̀kan lára àwọn ọmọ, tó jẹ́ aránṣọ, ló ń bá wa rán an. Káfíńtà àdúgbò ló gbẹ́ igi tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn tó lé wa gbé gbogbo rẹ̀, wọ́n dà á sínú omi gọ́tà lẹ́nu géètì! Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́tàlá kan ló kúnlẹ̀ tó ń ṣà wọ́n, tó ń fi ẹ̀wù ara rẹ̀ nù wọ́n. Awọ tó bá mu irú omi bẹ́ẹ̀ yóò gan bí pákó ni. Kí lọmọ yẹn ṣe? Owó orí àwọn òbí rẹ̀ wà lára ilé-ìwé náà.

Ọlọ́lá, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé eré tí kò lọ síbì kankan ni béèsìbọ́ọ̀lù. Wọ́n gbá a ní Àbújá nígbà Eré Gbogbo Áfíríkà ọdún 2003. Ní 2012, àwọn ọmọ Lugazi ní Ùgáńdà gbá a dé ìdíje àgbáyé Little League ní Amẹ́ríkà. Baseball5, ẹ̀yà béèsìbọ́ọ̀lù tí wọ́n fi sínú Òlíńpíìkì àwọn ọ̀dọ́ ti Dakar 2026, kò tilẹ̀ béèrè igi tàbí ìbọ̀wọ́: bọ́ọ̀lù rọ́bà kan àti ọwọ́ lásán, àwọn márùn-ún lápá kan, ọkùnrin àti obìnrin pọ̀. Ilẹ̀ nìkan ló kù. Ilẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ń tà fún aríyá.

Ẹ pàṣẹ, ní kíkọ sílẹ̀, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ háyà pápá ilé-ìwé ìjọba ní àárọ̀ Sátidé, kí wọ́n sì lẹ àṣẹ náà mọ́ géètì. Kí a wádìí àpò tí owó háyà ń wọ̀. Kí ẹni tó ba ìbọ̀wọ́ wa jẹ́ san án. Kí Baseball5 wọ inú eré ìdárayá ilé-ẹ̀kọ́.

Alímọ̀ṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ wa, lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn nínú ìkànìyàn 2006, síbẹ̀ àárín kòròpé àti ọ̀kadà lọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣeré. Ní Ìgándò, òórùn ààtàn Solous la ń fà símú. Ní Ẹ̀gbẹ́dá, gbogbo ilẹ̀ tó ṣófo ti di ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ Èkó làwa náà. Ẹ bá wa dá sí i kí Sátidé mìíràn tó dé.

Òbí kan, Ìkọ̀tún.