Ẹni Tí Ó Ni Bíríkì Ni Kí Ó Ni Àkọsílẹ̀ Rẹ̀

Ó ti pẹ́ tí LEGO ti kúrò ní ohun ìṣeré ọmọdé nìkan. Ní ilẹ̀ Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà, àgbàlagbà tí ń gba owó oṣù, tí ó ní ọkọ tàbí aya nílé, a máa ya odindi yàrá kan sọ́tọ̀ fún àwọn bíríkì oníke wẹ́wẹ́ tí iléeṣẹ́ kan ń ṣe láti ìlú Billund ní ilẹ̀ Denmark. Ẹni tí ó fi agolo mílíìkì àti ìdérí ìgò ṣe mọ́tò nígbà èwe rẹ̀ lè fi irú àgbà bẹ́ẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà. Kí ó má tíì rẹ́rìn-ín. Páálí kan ṣoṣo, ọkọ̀ òfurufú Millennium Falcon tí ó jáde ní ọdún 2017 pẹ̀lú nọ́ńbà 75192, ní bíríkì àti èèlò 7,541 nínú. Bí ènìyàn bá ní ogún páálí, tí ọmọdé sì da mẹ́ta nínú wọn pọ̀ mọ́ra lórí ilẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kọjá eré nìyẹn.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni Ole Kirk Kristiansen, ẹni tí ó dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1932. Igi ni ó kọ́kọ́ ń fi ṣe ohun ìṣeré. Ọmọ rẹ̀, Godtfred, ni ó béèrè fún ìwé ẹ̀tọ́ lórí bíríkì oníke náà ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 1958, bíríkì tí wọ́n ṣe ní ọdún náà sì ń wọ inú èyí tí wọ́n ṣe lánàá láìfi ibì kan fì. Ibi tí adùn rẹ̀ wà nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni wàhálà rẹ̀ wà. Nínú òkìtì kan tí ẹnìkan rà lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀, bíríkì ọgọ́ta ọdún lè wà pọ̀, kò sì sí èyí tí yóò sọ fúnra rẹ̀ pé inú páálí báyìí ni òun ti jáde.

Nígbà kan, ìwé ẹ̀ka ni àwọn tí ń kó o jọ fi ń ṣe é, gẹ́gẹ́ bí ìyá alájà ti ń kọ gbèsè oníbàárà rẹ̀ sílẹ̀. Lónìí, fóònù àti kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ náà. Ojú òpó Brickset wà láti ọdún 1997. Ibẹ̀ ni ènìyàn ti ń fi nọ́ńbà páálí ṣe àmì pé òun ní èyí, òun sì ń wá tọ̀hún. Rebrickable ní tirẹ̀ a máa ka bíríkì lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni tí ó ni ẹrù bá ti kọ ohun tí ó ní síbẹ̀, yóò sọ fún un irú ilé tàbí ọkọ̀ mìíràn tí ó lè fi wọ́n kọ́. BrickLink ni ọjà, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹyọ bíríkì kan fún ẹni tí ẹyọ kan ṣoṣo sọnù mọ́ lọ́wọ́. Àwọn bíríkì pàápàá ní nọ́ńbà nínú ikùn: ẹni tí ó bá yí bíríkì olórí mẹ́jọ tí ó wọ́pọ̀ jùlọ dojú dé sábà máa ń rí 3001 níbẹ̀, bí ojú rẹ̀ bá mú. Fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò mú, Brickognize wà, tí yóò wo àwòrán tí fóònù yà, tí yóò sì dárúkọ èèlò náà.

Àwọn tí ń sọ pé àṣejù ni gbogbo èyí kò tíì gbọ́ nípa àwọ̀ eérú. Ní nǹkan bí ọdún 2004, iléeṣẹ́ LEGO pa àwọ̀ eérú méjèèjì tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ dà, wọ́n fi búlúù díẹ̀ sí i. Lójú ẹni tí ń kọjá lọ, eérú ni eérú ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ tún ilé olódi àtijọ́ kan ṣe, tí ó kàn kọ “eérú” sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, tí ó sì ra ogójì bíríkì láti fi dí ihò ara rẹ̀, ògiri rẹ̀ yóò dà bí aṣọ alábùlẹ̀. Owó ti lọ, oṣù kan ti lọ, bíríkì tí ó dé láti òkè òkun kò sì bá ara wọn mu.

Nítorí náà, àkọsílẹ̀ dára. Ohun tí ó yẹ kí a bá àwọn tí ń kó LEGO jọ jà sí ni ibi tí wọ́n ń fi í sí. Ọ̀pọ̀ wọn kọ gbogbo iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá sí ojú òpó ẹlòmíràn, wọn kò sì ní ẹ̀dà kankan nílé. Kí wọ́n wo ìtàn BrickLink. Dan Jezek ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 2000. Ó kú ní ọdún 2010, nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti gbára lé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2013, ọlọ́rọ̀ ará South Korea kan, Jung-Ju Kim, rà á. Ní ọdún 2019, iléeṣẹ́ LEGO fúnra rẹ̀ rà á lọ́wọ́ onítọ̀hún. Àwọn olùlò tí kò gba kọ́bọ̀ ni wọ́n kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú àtòkọ bíríkì tí ó wà níbẹ̀, alẹ́ lẹ́yìn alẹ́. Lónìí, ẹni tí ó ń ta bíríkì ni ó ni ìwé tí àwọn oníbàárà rẹ̀ kọ. Kò sí ẹni tí ó ṣẹ̀ sí òfin nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, nígbà tí àwọn ọ̀daràn wọ inú àkáǹtì àwọn kan níbẹ̀, wọ́n ti ojú òpó náà pa fún ọjọ́ mélòó kan, àwọn tí àkọsílẹ̀ wọn kò sí níbòmíràn sì jókòó wò ó láìlè ṣe ohunkóhun.

Oògùn rẹ̀ kò le rárá. Brickset àti Rebrickable a máa jẹ́ kí ènìyàn gba àkọsílẹ̀ rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí fáìlì lásán, tí ẹ̀rọ ìṣirò èyíkéyìí lè ṣí. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tó, kí a sì fi ẹ̀dà kan sí ibi tí iná ilé kò lè dé. Ẹni tí iléeṣẹ́ adójútòfò bá bi léèrè ohun tí olè kó lọ kò lè fi ẹnu lásán dá wọn lóhùn. Olè sì ń bẹ o: ní ọdún 2021, ìròyìn gbòde pé àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ Faransé ń tọpa ẹgbẹ́ kan tí ó fi jíjí páálí LEGO ṣe iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi bọ́gbọ́n mu kí ènìyàn ṣí àtòkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé pẹ̀lú orúkọ ìlú tí ó ń gbé.

Owó ni àwọn olè náà rí, òun náà ni àwọn ojú òpó wọ̀nyí sì ń gbé síwájú. Ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní Yunifásítì HSE ní Moscow ṣe lórí páálí tí ó lé ní 2,300 tí wọ́n tà láàárín ọdún 1987 sí 2015 sọ pé iye wọn ń gòkè ní nǹkan bí ìdá mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kúrò lọ́jà. Láti ìgbà tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti gbòde, àwọn kan kò ṣí páálí mọ́. Wọ́n ń wo iye rẹ̀ láràárọ̀ bí ẹni tí ń wo iye dọ́là. Àkọsílẹ̀ tí ó yẹ kí ó ran eré lọ́wọ́ ti wá sọ eré di ọjà tí ó wà ní gbàgede.

Síbẹ̀, ikú ni ó ń fi ìwúlò àkọsílẹ̀ hàn jùlọ. Bí ẹni tí ó ni ẹrù bá kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn yàrá náà, ike ni wọn yóò rí. Bí a ti ń wọn ike lórí òṣùwọ̀n ni wọn yóò wọn án tà fún ẹni tí ó kọ́kọ́ dé. Fáìlì kan tí ó wà níbi tí ìyàwó mọ̀ yóò dá wọn dúró, yóò sì sọ èyí tí ó wọ́n àti èyí tí kò wọ́n fún wọn.

Àmọ́ kò ní sọ ohun gbogbo. Ní ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà 6080, ilé olódi ọba tí ó jáde ní ọdún 1984, ojú òpó yóò kọ iye bíríkì, yóò kọ iye ọmọ ènìyàn oníke tí ó wà nínú rẹ̀, yóò sì kọ iye tí wọ́n ń tà á lónìí. Bí ó bá jẹ́ pé ìyá ni ó fi owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan rà á fún ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó jáde ní ilé ìwòsàn, ọmọ náà ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú àlàfo tí ó ṣẹ́kù ní ìkángun ìlà náà.