Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Náà Jẹ Kéèkì Ọjọ́ Ìbí Rẹ̀

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àrùn celiac, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì tíì mọ̀. Gluten, èròjà kan tó wà nínú àlìkámà, bálì àti ráì, ló ń dá wọn láàmú. Bó bá ti wọ inú wọn, agbára tí ara fi ń gbógun ti àìsàn á kọjú sí ìfun kékeré, á sì máa bà á jẹ́, débi pé oúnjẹ kò ní ṣe ara lóore mọ́. Dókítà ọmọdé kan ní Netherlands, Willem-Karel Dicke, kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí rẹ̀ ní 1950 pé àlìkámà wà lára ohun tó ń fa wàhálà náà. Títí di òní, ìtọ́jú kan náà ló ṣì wà: kí aláìsàn má fẹnu kan gluten títí ayé.

Búrẹ́dì àti bisikíìtì tí kò ní gluten wà ní ọjà ńláńlá báyìí. Òfin sì ti là á sílẹ̀ pé oúnjẹ tí gluten inú rẹ̀ bá ju mílígíráàmù 20 lọ nínú kílò kan kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ yẹn. Kéèkì ọjọ́ ìbí ni ìṣòro: èyí tó ga, tí wọ́n kọ orúkọ ọmọ sí lára, tí ìyá máa ń ní kí ẹni tó ń ṣe kéèkì nílé bá òun ṣe.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ra ìyẹ̀fun ìrẹsì àti xanthan gum tó ń jẹ́ kí kéèkì dì mọ́ra, kó sì fi tọkàntọkàn ṣe é. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, fùláwà ló fi ṣe kéèkì ìgbéyàwó nínú yàrá kan náà. Fùláwà ti fò káàkiri. Ó wà lójú asẹ́, ó há sínú ọwọ́ ẹ̀rọ ìpòkéèkì, ó bà lé orí tábìlì. Ṣókólẹ́ẹ̀tì wínníwínní tí wọ́n fọ́n sórí kéèkì lè ní bálì nínú. Níbi àríyá, ọ̀bẹ tí wọ́n fi gé kéèkì àwọn àgbà ni wọ́n tún fi gé ti ọmọ.

Láti oṣù October 2021, òfin kan tí wọ́n ń pè ní Òfin Natasha nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi dandan lé e pé kí oúnjẹ tí wọ́n dì sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kí oníbàárà tó dé ní orúkọ gbogbo èròjà rẹ̀ lára. Ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tí wọn kò dì sílẹ̀, ẹnu lásán ni ẹni tó ń tà á lè fi sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ ti ṣàìsàn rí nítorí èérún kéèkì.

Brazil ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ láti 2003. Òfin 10.674 ní kí gbogbo oúnjẹ tí wọ́n bá dì tà kọ ọ́ sára bóyá ó ní gluten tàbí kò ní. Ìyá kan nílùú Salvador níbẹ̀ á ka ohun tí wọ́n kọ sára oúnjẹ náà kó tó san owó.

Láàárín àwa Yorùbá ní London, àǹtí kan ò ní ṣàìsọ fún ọmọ pé, "Fi díẹ̀ sẹ́nu, kò ní ṣe ẹ́ ní nǹkan kan." Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ń ṣe ọmọ náà ní nǹkan. Díẹ̀ yẹn ń ba ìfun jẹ́ kódà bí inú kò bá run ún. Kì í ṣe àkẹ́jù ni òbí tó gbé abọ́ oúnjẹ ọmọ rẹ̀ wá síbi àríyá ń kẹ́ ẹ.

Ẹni tó bá fẹ́ máa ta kéèkì láti ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ káńsù ní ọjọ́ 28 kó tó bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ìjọba ti mú un. Kí fọ́ọ̀mù náà béèrè bóyá ó máa ta èyí tí kò ní gluten. Bó bá ní òun máa tà á, kí òṣìṣẹ́ káńsù wo asẹ́, ìpòkéèkì àti páànù tó yà sọ́tọ̀ fún un. Kí ìwé kan sì bá kéèkì kọ̀ọ̀kan dé ọwọ́ oníbàárà, tó sọ gbogbo èròjà rẹ̀, tó sì sọ bóyá wọ́n ń lo fùláwà níbi tí wọ́n ti ṣe é.