Ẹ Má Bẹ̀rẹ̀ Láti Ìkejì

Ṣọ́ọ̀bù géèmù kan wà ní Bàrígà tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ni gbogbo ènìyàn ń gbá níbẹ̀, àfi àwa bíi márùn-ún tí a máa ń jókòó ti PS3 àtijọ́ kan ní igun. Mass Effect 2 ló wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo sọ níbẹ̀ pé Mass Effect àkọ́kọ́ dára ju ìkejì lọ. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí ẹni tó ń gba owó fi dá sí i. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o ò mọ ìbọn yìn ni." Òótọ́ ni, n kò mọ ìbọn yìn. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ẹjọ́ tí mo gbé wá.

Fún ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, ilé iṣẹ́ BioWare ní Kánádà ló ṣe méjèèjì, àkọ́kọ́ ní 2007, ìkejì ní 2010. Ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì ni. Ẹni tó bá ń ta á ló di Kọ́máńdà Shepard, tó ń wa ọkọ̀ láti ayé kan dé òmíràn. Òun ló ń yan ohun tí Shepard yóò sọ, ẹni tí yóò dá sí àti ẹni tí yóò pa. Ohun tó bá yàn nínú àkọ́kọ́ wà nínú fáìlì tí ìkejì lè kà.

Mo gbà pé ìbọn ìkejì dùn ún yìn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo gbà pé àpò ẹrù inú àkọ́kọ́ dà bí ìsàlẹ̀ ibùsùn mi, gbogbo nǹkan ló wà níbẹ̀, a kì í rí èyí tí a ń wá. Wọ́n tún ní ọkọ̀ Mako ń ta pọ́nún lórí òkè bíi bọ́ọ̀lù. Ó ń ta, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà á lórí ilẹ̀ tí kò sí ẹnìkan, tí oòrùn méjì wà lókè, mo mọ̀ pé ayé tóbi. Kí ni ìkejì fi rọ́pò rẹ̀? Ká máa fi iná tọ ojú ayé kiri, ká máa wá ohun àlùmọ́ọ́nì bí ẹni tí owó rẹ̀ já bọ́ sínú gọ́tà.

Ọ̀rọ̀ Wrex gan-an ló ń dùn mí.

Krogan ni Wrex. Wọ́n ti fi àrùn kan tí wọ́n ń pè ní genophage ṣe ìran rẹ̀, débi pé nínú ẹgbẹ̀rún oyún, ẹyọ ọmọ kan ni ó ń yè. Ẹ̀gbọ́n mi ló ra àkọ́kọ́ nígbà tó wà ní Yunifásítì Èkó, sórí kọ̀ǹpútà àlòkù tí kò lè gbé géèmù tuntun. Bí wọ́n bá mú iná wá lóru, àwa méjèèjì á jí. Wrex bẹ̀ wá pé ká bá òun gba ẹ̀wù ogun ìdílé òun padà, a sì lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pọn dandan. Nígbà tó yá, a dé Virmire. Ọ̀tá ti rí ìwòsàn genophage níbẹ̀, Shepard sì fẹ́ ba ibẹ̀ jẹ́. Wrex fa ìbọn yọ sí wa. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun yóò yìn ín. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a sọ̀rọ̀ ná. Ṣebí a bá a gba ẹ̀wù rẹ̀." Wọ́n bá a sọ̀rọ̀. Ó gbé ìbọn sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ti di agùnbánirọ̀ báyìí, wọ́n gbé wọn lọ sí òkè ọya, wọ́n sì fi kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀ fún mi. Fáìlì wọn ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ìkejì. Mo dé Tuchanka, ìlú àwọn krogan, mo bá Wrex lórí àga olórí. Ó pa ọ̀rọ̀ tó ń sọ tì, ó dìde wá bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo pariwo débi pé ìyá mi jí.

Nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, Wreav, ọmọ ìyá Wrex, ló jókòó sórí àga yẹn, wọ́n sì rò pé òun ló ni ín. Mo bi ọ̀kan nínú wọn pé Wrex ńkọ́. Ó ní, "Ta ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" Òun fúnra rẹ̀ ló pa á! Nígbà tí ìkejì dé orí PS3 ní 2011, àkọ́kọ́ kò tíì sí níbẹ̀, wọ́n wá fi ìtàn aláwòrán kúkúrú kan rọ́pò rẹ̀. Ẹ óò tẹ bọ́tìnì kan, Wrex á yè. Ẹ óò tẹ èkejì, ó ti kú. Lórí kọ̀ǹpútà, nígbà tí ìkejì kọ́kọ́ jáde, ẹni tí kò ní fáìlì kò tilẹ̀ rí bọ́tìnì tẹ̀, Wrex ti kú kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Cerberus tún burú ju ìyẹn lọ. Nínú ìkejì, àwọn ló jí Shepard dìde, tí wọ́n fún un ní ọkọ̀ àti owó. Nínú àkọ́kọ́, àwọn yìí kan náà ló pa ọ̀gágun Kahoku nítorí pé ó ń wádìí ikú àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń jẹun lọ́dọ̀ wọn, wọn ò mọ ọwọ́ tó se oúnjẹ náà.

Wọ́n á ní Mordin ńkọ́, ṣé kì í ṣe òun ló dùn jù nínú méjèèjì? Òun ni. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ṣiṣẹ́ lórí genophage, tí ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́kọ́ mú wa mọ ohun tí genophage ṣe fún ènìyàn? Wrex ni, nínú àkọ́kọ́.

Bàbá mi ń tẹ̀wé ní Ṣómólú. Bí oníbàárà bá gbé iṣẹ́ àtẹ̀jáde kejì wá, ohun tí bàbá mi kọ́kọ́ ń béèrè ni ẹ̀dà àkọ́kọ́. Fágúnwà náà kọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní 1938. Nígbà tí Igbó Olódùmarè jáde ní 1949, Àkàrà-Ògùn kan náà ló padà wá sọ ìtàn bàbá rẹ̀. Ẹni tó ka ìkejì nìkan yóò gbádùn rẹ̀, kò kàn ní mọ ẹni tó ń kanlẹ̀kùn.

Wọ́n ní àkọ́kọ́ ti gbó. Àwọn tó ṣe é kò gbà bẹ́ẹ̀: ní 2021 wọ́n kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde pọ̀, wọ́n tún ìbọn àkọ́kọ́ ṣe, wọ́n tún Mako ṣe. Wọ́n ní ó gùn jù. Àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù láti ọ̀sán di alẹ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá ẹ̀gbọ́n mi pè láti ibùdó wọn. Wọ́n kí ìyá wa, wọ́n béèrè ìdánwò mi, wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀ pé, "Wrex ńkọ́?" Mo ní ó wà lórí àga. Wọ́n ní kí n má bẹ̀rẹ̀ ìkẹta kí àwọn tó dé.