Ijó Abúlé Tó Wà Nínú Orin Grieg

Bí àwọn gbọ̀ngàn orin ilẹ̀ Yúróòpù bá fẹ́ ya alẹ́ kan sọ́tọ̀ fún orin àwọn ará Àríwá, iṣẹ́ méjì kì í wọ́n níbẹ̀: èyí tí Edvard Grieg, ọmọ Nọ́wè, kọ fún píánò àti ọ̀kẹ́sítírà, àti Finlandia ti Jean Sibelius, ọmọ Fínlándì. Àwọn kan a máa yínmú sí i pé àgbọ́jù ti bá orin méjèèjì. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Adùn wọn ni à ń gbọ́, a kò tíì gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí.

Ọmọ ọdún 25 ni Grieg nígbà tó kọ tirẹ̀ ní 1868. Ọba Swídìn ló ń jẹ lórí Nọ́wè nígbà náà, lẹ́yìn ohun tó lé ní ọdún 400 tí àwọn ọba Dẹ́nmárkì ti fi jẹ lé e lórí. Gbogbo ayé ló mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀: ìlù a kù bí àrá, píánò a sì já láti òkè téńté wá sí ìsàlẹ̀. Apá kẹta gan-an ni kí a fetí sí. Ijó halling ni ẹni tó ń tẹ píánò ń tẹ̀ níbẹ̀, ijó abúlé Nọ́wè tí ọkùnrin ti ń fò sókè láti fi ẹsẹ̀ gbá fìlà tí ẹnìkan fi ọ̀pá gbé sókè. Ohun èlò olókùn kan tó bá gòjé tan ni wọ́n ń ta sí i. Grieg gbé e wọ gbọ̀ngàn, kò tijú rẹ̀. Kopenhágìn, olú-ìlú ọ̀gá àtijọ́, ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní oṣù kẹrin 1869. Edmund Neupert ló tẹ píánò. Iṣẹ́ kò jẹ́ kí Grieg fúnra rẹ̀ lè débẹ̀, ó mà ṣe o!

Ti Finlandia tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1899, nígbà tí Rọ́ṣíà ń pa ìwé ìròyìn Fínlándì lẹ́nu mọ́, ni Sibelius kọ ọ́. Ó di dandan kí wọ́n máa fi orúkọ mìíràn pè é níbi eré orin, kí ó má baà kó sọ́wọ́ aláṣẹ. Orin tí kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú!

Àwa tí a ní Akin Euba, tó kọ orin píánò tó ń dún bí ìlù wa, kò yẹ kí èyí ṣòro fún láti lóye. Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn tó ń ṣètò irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀: kí ọ̀kẹ́sítírà tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí ẹnìkan ta halling fún ìṣẹ́jú méjì lórí ohun èlò abúlé yẹn, kí wọ́n sì tẹ orúkọ tí wọ́n fi bo Finlandia mọ́lẹ̀ sínú ìwé ètò.