Ogún Tí Ẹbí Kì í Pín

Nínú gbogbo ohun tí bàbá ń fi sílẹ̀ fún ọmọ ní ilẹ̀ Yorùbá, ilé àti oko ni ẹbí ń jókòó lé lórí, tí wọ́n sì ní àṣà tí wọ́n fi ń pín in: bí wọn kò bá pín in ní ìdí igi, tí àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan yóò pawọ́ pọ̀ gba ìpín kan, wọn a pín in ní orí-ò-jorí, kí olúkúlùkù ọmọ gba tirẹ̀ ní dọ́gbadọ́gba. Ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀ tí ẹjọ́ Danmole àti Dawodu, lórí ogún ọkùnrin ará Èkó kan tí ìyàwó mẹ́rin bí ọmọ mẹ́sàn-án fún, fi rìn dé iwájú àwọn adájọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, kí ó tó fìdí múlẹ̀ pé ìdí igi ni àṣà wa, àti pé bí ìjà bá dé ni olórí ẹbí lè yà sí orí-ò-jorí. Èmi kò bá àwọn adájọ́ jiyàn. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé, nígbà tí bàbá bá papò dà, ẹnikẹ́ni kì í bèèrè ẹni tí yóò jogún etí rẹ̀, àti ẹni tí yóò jogún ẹnu rẹ̀.

Bàbá tèmi, ọmọ Alárè, ọmọ Awùjalẹ̀, àgbẹ̀ kòkó ní agbègbè Ìjẹ̀bú-Igbó, kò kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ṣùgbọ́n ó ní ẹnu tí kì í gba gbẹ̀rẹ́. Gàrí Ìjẹ̀bú, kíkan rẹ̀ ni iyì rẹ̀. Inú àpò ni kíkan náà sì ti ń wá, níbi tí ẹ̀gẹ́ tí a ti lọ̀ gbọdọ̀ ti wà lábẹ́ òkúta fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí omi rẹ̀ máa ro dànù díẹ̀díẹ̀, kí a tó sẹ́ ẹ, kí a tó yan án gbẹ. Bí gàrí bá ti ọjà wọlé, bàbá mi a bù ú díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, a dà á sẹ́nu láìfi omi kàn án, a dijú bí adájọ́ tí ń gbọ́ ẹjọ́, lẹ́yìn náà ni yóò sọ bóyá ẹni tí ó yan án jẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ pé, tàbí owó ni ó ń kán an lójú. (Kí n má purọ́: òun kì í dáná. Àwọn ìyá wa ni wọ́n ń ṣe làálàá, kí òun tó jókòó dájọ́. Ìyá mi kì í sì í dákẹ́ fún un.) Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń ṣe sí kòkó, tí ó ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò mọ́lẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́fà kí ó tó sá a sóòrùn, bí àwọn aládùúgbò tilẹ̀ ti kó tiwọn lọ fún àwọn tí ń ra kòkó. N kò rántí ọjọ́ kan tí ó pè wá jókòó láti kọ́ wa ní sùúrù.

Etí rẹ̀ tún le ju ẹnu rẹ̀ lọ. Haruna Ishola, Baba Gani Àgbà, olórin àpàlà, ni ó ń gbọ́, nítorí pé àpàlà tirẹ̀, pẹ̀lú àgídìgbo, ìlù àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, kì í jẹ́ kí ariwo bo òwe mọ́lẹ̀. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nígbà tí àwo ń yí, kì í bá wa wí. Yóò gbé abẹ́rẹ́ kúrò, yóò dúró kí a sọ tiwa tán, ìtìjú yóò sì pa wá lẹ́nu mọ́.

Nígbà tí ogún dé, tí àwa ọkùnrin ń fa ààlà oko mọ́ ara wa lọ́wọ́, inú páálí lábẹ́ ibùsùn ni àwọn àwo náà wà, kò sí ẹni tí ó kà wọ́n mọ́ ogún. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìdí igi kejì, ni ó gbé páálí náà, òun nìkan ni ó sì mọ òwe tí Haruna fẹ́ pa kí ó tó pa á. Àwọn àgbà ní bí iná bá kú a fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò bá so irú èso ìyá rẹ̀, kí ni ó rọ́pò? Haruna fúnra rẹ̀ kú ní 1983, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀, Musiliu, kò fi orúkọ bàbá nìkan jẹun. Ó gbé àpàlà náà dìde títí àwọn ọ̀dọ́ tí kò bá Haruna láyé fi ń jó o.

Lónìí, aṣọ ẹbí àti màlúù ni a fi ń sìnkú bàbá, pẹ̀lú orin tí òkú ì bá ti ní kí wọ́n rẹ̀ sílẹ̀, ìrẹsì ni a sì ń bù fún àlejò ní ilé ẹni tí kò mọ oúnjẹ mìíràn ju ìkọ́kọrẹ́ lọ. Ọjà ti kún fún gàrí tí a lọ̀ lánàá tí a yan lónìí, nítorí pé àwọn tí ń dá a padà ti lọ, àwọn ọmọ wọn sì ń rà á. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé, kí ẹbí tó tú ìwé ilẹ̀ sílẹ̀, kí olórí ẹbí kọ́kọ́ bi àwọn ọmọ léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan ohun tí bàbá fẹ́ràn láti jẹ àti láti gbọ́, àti bí ó ti ń mọ ojúlówó rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n, ìbáà ṣe obìnrin, ìbáà ṣe àbíkẹ́yìn, kí wọ́n gbé abọ́ lé e lọ́wọ́ ní ọjọ́ ìrántí, kí ó tọ́ gàrí wò níṣojú àwọn ọmọ-ọmọ, kí ó sì dá èyí tí kò kan padà fún ẹni tí ó rà á.