Kí Òtítọ́ Má Kùtà Lórí Igbá Èso

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Bóyá ni òwe yìí fi bá òwò kankan mu tó òwò èso. Ọsàn tí àgbẹ̀ ro ìdí rẹ̀ láti ọdún mélòó kan, ojú lásán ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀ lóko; ìgbà tó bá dé sítọ́ọ̀ ìgboro ni wọ́n tó gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ẹni tó gbìn ín kò mọ iye tí wọ́n tà á, ẹni tó rà á jẹ kò sì mọ iye tó kan ẹni tó gbìn ín. Àárín àìmọ̀ méjèèjì yìí ni ìrẹ́jẹ ń gbé. Ìdí nìyí tó fi tọ́ kí àwọn sítọ́ọ̀ ilẹ̀ Yorùbá máa ta èso tí wọ́n rà láìrẹ́ àgbẹ̀ jẹ, kí wọ́n sì lè fi ẹ̀rí rẹ̀ han oníbàárà.

Ìlú etí omi ni Mákùn-Omi, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside, ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, àgbẹ̀ tó gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, tó rù ú dé èbúté, ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìyà ni. Alájàpá á wo ṣírí kan, á fọwọ́ gbé e wò, á ní kò yọmọ tó, á wá pe iye tó wù ú. Bí àgbẹ̀ bá kọ̀, ọkọ̀ á ṣí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bó bá ti pọ́n, owó rẹ̀ á máa já wálẹ̀ lójoojúmọ́. Lókè pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ ọlọ́sàn ló ń ta èso lórí igi kó tó gbó, nítorí owó ilé-ìwé ọmọ ti ká a mọ́. Ẹni tí ebi ń pa kì í lè nájà kó pẹ́.

Síbẹ̀, alájàpá kì í ṣe ọ̀tá. Òun ló ń fara da ọ̀nà tó bàjẹ́, owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ awakọ̀ lójú ọ̀nà, àti èso tó ń jẹrà kó tó dé Èkó. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Àgbẹ̀, alájàpá àti onísítọ́ọ̀ nílò ara wọn. Ohun tó kù ni pé kí ìpín olúkúlùkù hàn sí gbogbo wọn.

Àwọn ará òkè òkun ti dán èyí wò, nínú ètò òwò òdodo tí wọ́n ń pè ní Fairtrade lónìí. Ní ọdún 1988, wọ́n dá àmì Max Havelaar sílẹ̀ ní Netherlands fún kọfí àwọn àgbẹ̀ Mẹ́síkò. Ní ọdún 1996 ó kan ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, oko kan ní Ghana, Volta River Estates, sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ta tirẹ̀ lábẹ́ ètò náà. Ní ọdún 2000, àwọn sítọ́ọ̀ Co-op gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ Fairtrade dé Britain. Nígbà tó fi máa di 2007, Sainsbury's àti Waitrose ti pinnu pé irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ bẹ́ẹ̀ nìkan ni àwọn yóò máa tà. Òfin ètò náà kò ṣòro. Iye kan wà tí olùrà kò gbọ́dọ̀ san ohun tó kéré sí i, bí ọjà tilẹ̀ wó. Lórí páálí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tó wọn kílò 18.14, dọ́là kan tún wà fún àwọn àgbẹ̀ tàbí òṣìṣẹ́ oko, àwọn fúnra wọn ló sì ń yan ohun tí wọ́n máa fi ṣe.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní àṣà òyìnbó ni kí wọ́n máa dá iye sílẹ̀ fún irè oko ti gbàgbé ìtàn kòkó. Ọdún 1947 ni ìjọba dá àjọ tó ń ra kòkó ní Nàìjíríà sílẹ̀, tó sì ń kéde iye kan ṣoṣo fún gbogbo àgbẹ̀. Nígbà tó di 1954, àjọ náà bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Iye náà dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó kéré sí èyí tí kòkó ń pa lókè òkun, ọwọ́ ìjọba sì ni ìyókù ń bọ́ sí. Wọ́n fi kọ́ ilé-ìwé, wọ́n fi la ọ̀nà, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kò sí níbi tí wọ́n ti ń dá iye. Nígbà tí owó orí tún gorí rẹ̀, ọ̀tẹ̀ àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àgbẹ̀kọ̀yà bẹ́ sílẹ̀ ní 1968 sí 1969. Wọ́n tú irú àwọn àjọ bẹ́ẹ̀ ká ní 1986, àgbẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ ọjà lásán. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé iye tí a dá sílẹ̀ kò tó, àfi kí àgbẹ̀ jókòó síbi tí wọ́n ti ń dá a. Nínú ètò Fairtrade ti òde òní, àwọn tó ń gbin irè ló ni ìdajì ìbò.

Àríyànjiyàn àkọ́kọ́ tí àwọn alátakò máa ń mú wá ni pé èso yóò wọ́n. Wọ́n gbàgbé pé kì í ṣe owó àgbẹ̀ nìkan ló ń gbé owó èso lọ sókè. Owó epo ọkọ̀, iye ọwọ́ tí èso gbà kọjá, àti èyí tó jẹrà lójú ọ̀nà wà níbẹ̀. Sítọ́ọ̀ tó bá bá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ṣe àdéhùn ọjọ́ kan pàtó lọ́sẹ̀ lè fi kún owó àgbẹ̀ láti inú ohun tí kò jẹrà mọ́.

Èkejì ni pé oníbàárà kò bìkítà, èso tó tóbi tó sì ń dán ni wọ́n ń wá. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Ẹni tó ra èso tí kò tíì gbó nítorí ìkánjú ni kẹ́míkà kábáàdì máa ń wù láti fi mú un pọ́n. NAFDAC sì ti kìlọ̀ léraléra pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí májèlé ásẹ́níìkì lè wà nínú rẹ̀. Oníbàárà tó mọ oko tí èso ti wá mọ ohun tó ń jẹ.

Ẹ̀kẹta ni pé owó ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ òkèèrè ju agbára àgbẹ̀ kékeré lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àmì nìkan kọ́ ni òdodo. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Láti 1935 ni òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti wà ní Nàìjíríà. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tó ní òṣùwọ̀n, tó ní ìwé àkọsílẹ̀, tó sì ń gba owó lọ́jọ́ tó tajà, ti ní ìpìlẹ̀ ẹ̀rí lọ́wọ́.

Sítọ́ọ̀ ló kù. Èso àti ẹ̀fọ́ ni FoodCo fi bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1982, kó tó di sùpámákẹ́ẹ̀tì ńlá. Òwò èso lè gbé ilé ìtajà ró. Kì í sì í ṣe sítọ́ọ̀ ńlá nìkan ló lè ṣe é; àyíká yunifásítì náà lè ṣe é. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dá yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Olabisi Onabanjo lónìí. Ní 2003, Oxford Brookes ní Britain di yunifásítì àkọ́kọ́ tó gba orúkọ Fairtrade, nítorí ó gbà láti máa ta irú ọjà bẹ́ẹ̀ nínú ọgbà rẹ̀. Àwọn onísọ̀ tó yí ọgbà Àgọ́-Ìwòyè ká lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àgbẹ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó kò jìnnà sí wọn bí Ghana ṣe jìnnà sí Britain. Ohun mẹ́ta ló tó fi bẹ̀rẹ̀: kí wọ́n wọn èso lójú àgbẹ̀, kí wọ́n san owó lọ́jọ́ náà, kí wọ́n sì kọ orúkọ ìlú tó ti wá sára igbá. Oníbàárà ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ máa béèrè kó tó sanwó, nítorí ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá béèrè, kò sí onísítọ́ọ̀ tí yóò gbé e sórí àtẹ.